Iyọ̀, Maggi, irú: èwo gan-an ló ń gbé ìfúnpá wa sókè?

Bí nọ́ọ̀sì bá ti wọn ìfúnpá èèyàn, tó sì rí i pé ó ga, kí onítọ̀hún tó délé ni ẹjọ́ ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ á ní Maggi ló fà á. Àbúrò á ní rárá, Ajinomoto ni, ṣebí wọ́n ní èèyàn lè fi fọ aṣọ. Ìyá àgbà á ní kí wọ́n padà sídìí irú, irú ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Aládùúgbò tó wá kí wọn náà á fi tirẹ̀ kún un: "Ẹ ò wá ní yéé jẹ ẹ̀bà yìí ni?" Láìpẹ́, wọ́n á ti kó oríṣiríṣi nǹkan kúrò nílé ìdáná, ìfúnpá á sì wà níbi tó wà, nítorí ike iyọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, kò sẹ́ni tó fura sí i.

Ọ̀rọ̀ náà ò le tó bí àríyànjiyàn ṣe sọ ọ́ dà. Ohun tí dókítà ń lé kiri ni sódíọ̀mù. Nǹkan bí ìdá 40 nínú ìdá 100 iyọ̀ tí à ń sè ni sódíọ̀mù. Òun náà ló wà nínú Maggi, òun ló wà nínú Ajinomoto, ó wà nínú káún, nínú búrẹ́dì, àti nínú ọ̀rá kékeré tí èlò Indomie máa ń wà. Ara kì í béèrè ọ̀nà tó gbà wọlé, àpapọ̀ rẹ̀ ló ń bá ṣiṣẹ́. Nítorí náà, ẹni tó lé Maggi jáde, tó wá fi iyọ̀ kún iyọ̀ kí ọbẹ̀ lè dùn bíi ti tẹ́lẹ̀, kò tíì ṣe nǹkan kan.

Ibi tí sódíọ̀mù bá wà, omi á tẹ̀lé e. Ìdí nìyẹn tí òùngbẹ fi máa ń gbẹ èèyàn tó bá jẹ ṣúyà tán. Iṣẹ́ kíndìnrín ni láti kó èyí tó bá pọ̀ jù sínú ìtọ̀, kí ara lè dà á nù. Ṣùgbọ́n tí ẹrù náà bá ń wúwo lójoojúmọ́, kíndìnrín ò ní lè kápá rẹ̀ tán, omi á máa dúró sínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn á wá máa fi agbára ti ẹ̀jẹ̀ tó ti pọ̀ sí i gba inú iṣan tí kò fẹ̀ sí i. Agbára yẹn ni ìfúnpá. Nọ́ńbà òkè jẹ́ ti ìgbà tí ọkàn ń ti ẹ̀jẹ̀ jáde, ti ìsàlẹ̀ jẹ́ ti ìgbà tó ń sinmi. 120 lórí 80 kò burú rárá. Tó bá ń jẹ́ 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n sì tún un wọ̀n lọ́jọ́ mìíràn tó ṣì rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru nìyẹn. Kì í dunni, kì í yúnni. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbé e kiri fún ọdún pípẹ́ títí iṣan inú ọpọlọ á fi dí tàbí kó bẹ́, tí rọpárọsẹ̀ á sì wọlé. Àwọn tó ń sọ pé "orí ò fọ́ mi, ara mi le" ń fi orí fífọ́ ṣe ìwọ̀n. Ẹ̀rọ ni kí wọ́n gbà gbọ́.

Àwọn àgbàlagbà àti àwa aláwọ̀ dúdú wà lára àwọn tí iyọ̀ tètè máa ń gbé ìfúnpá wọn sókè. Àwọn kan á wá sọ pé ó ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa nìyẹn, kò sọ́gbọ́n tá a lè dá sí i. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 1997 já irọ́ yẹn. Àwọn tó ṣe é wọn ìfúnpá àwọn èèyàn tí orírun wọn jẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní ibi méje, Nàìjíríà sì wà níbẹ̀, níbi tí àwọn ará Ìbàdàn àti Igbó-Ọrà ti kópa. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, èèyàn 16 nínú 100 ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ní àwọn erékùṣù Caribbean, 26. Ní Maywood, nítòsí Chicago l'Amẹ́ríkà, 33. Ìran kan náà ni o. Ìwọ̀n ara tó ń pọ̀ sí i àti iyọ̀ inú oúnjẹ wà lára ohun tí àwọn olùwádìí náà tọ́ka sí. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí wọ́n ti ṣe é, àwọn ìlú tiwa náà sì ti ń jẹun bíi Maywood báyìí.

Iyọ̀ mélòó wá ni kò pọ̀ jù? Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní kí àgbàlagbà má jẹ tó gíráàmù 5 lọ́jọ́ kan. Kò ju ṣíbí ìpotíì kan tí a fi ọwọ́ rẹ́ ojú rẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ló ti máa ń rú àwọn èèyàn lójú: wọ́n rò pé èyí tí wọ́n ń bù sí ọbẹ̀ nìkan ni wọ́n ń sọ. Gbogbo rẹ̀ pátá ni o, láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, àti ti búrẹ́dì, ti àkàrà, ti ìresì, ti ọbẹ̀, ti gúgúrú tí a rà lójú ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ ká yọjú sí ìkòkò kan. Ìyá kan ń se ọbẹ̀ ata fún èèyàn márùn-ún lọ́jọ́ Sunday. Ó bọ ẹran pẹ̀lú àlùbọ́sà, ó já Maggi méjì sí i, ó sì bu iyọ̀ ìdajì ṣíbí ìpotíì. Nígbà tí ẹran rọ̀, ó kó o jáde, ó dín in. Ó gbé epo kaná, ó da ata lílọ̀ sí i, ó dín in títí omi rẹ̀ fi fà tí epo sì léfòó. Ó wá da omi ẹran lé e lórí, omi tó ti mu iyọ̀ àti Maggi yó. Lẹ́yìn náà, bó ṣe mọ́ ọn lára, ó tún já Maggi méjì, ó tún bu iyọ̀ ìdajì ṣíbí. Ìgbà yẹn ló tó ta ọbẹ̀ díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó lá a, ó ní ó ti dùn.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Hóró Maggi kan máa ń wọn nǹkan bíi gíráàmù 4, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ iyọ̀. Mẹ́rin jẹ́ iyọ̀ gíráàmù 8. Iyọ̀ ìdajì ṣíbí lẹ́ẹ̀mejì jẹ́ ṣíbí kan, gíráàmù 6 tàbí kó dín díẹ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ súnmọ́ 14. Bí àwọn márààrún bá jẹ ọbẹ̀ náà tán lẹ́ẹ̀kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹnì kọ̀ọ̀kan ní gíráàmù 3. Ọbẹ̀ ọ̀sán nìkan ti gba ju ìdajì iyọ̀ ọjọ́ kan lọ, a ò sì tíì ka búrẹ́dì àárọ̀ àti ìresì tí wọ́n fi iyọ̀ sè tí wọ́n máa da ọbẹ̀ ọ̀hún lé lórí. Ìyá yìí ò tiẹ̀ ṣàṣejù. Ìkòkò mìíràn wà tó ń gba Maggi mẹ́jọ kó tó gbà pé òun ti dùn.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí nínú ìkòkò yẹn ni pé ẹ̀ẹ̀mejì ni iyọ̀ wọ ọ́, ẹ̀ẹ̀kejì sì jẹ́ ti àṣà lásán. Omi ẹran ti gbé iyọ̀ wá. Ká ní ìyá náà tọ́ ọ wò kó tó já Maggi kejì ni, ó ṣeé ṣe kó má rí ìdí tó fi máa já a. Tí mo bá máa gba ilé kan nímọ̀ràn ẹyọ kan ṣoṣo lórí iyọ̀, òun nìyí: kí ẹ̀ẹ̀kan péré ni iyọ̀ máa wọ ìkòkò, yálà nígbà tí a ń bọ ẹran tàbí nígbà tí ọbẹ̀ bá kù díẹ̀ kó jinná, kí a sì tọ́ ọ wò ṣáájú. Ẹ má sì gbàgbé ọbẹ̀ tí à ń gbé kaná láàárọ̀ àti lálẹ́. Omi inú rẹ̀ ló ń gbẹ, iyọ̀ kì í bá omi lọ. Èyí tó dùn lọ́jọ́ Sunday lè ti dun iyọ̀ jù tó bá fi di Wednesday. Ẹ bu omi díẹ̀ sí i tẹ́ ẹ bá ń gbé e kaná, tàbí kẹ́ ẹ lọ ata tuntun tí kò níyọ̀ kún un.

Ó wá kan ẹjọ́ Ajinomoto, tí wọ́n ti dá lẹ́bi láì gbọ́ tẹnu rẹ̀. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Japan kan tó ń jẹ́ Kikunae Ikeda ló yọ adùn rẹ̀ jáde lára ewéko inú òkun tí wọ́n fi ń se omi ọbẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, ní ọdún 1908. Glútámétì ni wọ́n ń pe èròjà tó ń mú adùn náà wá. Ó wà nínú tòmátò tó pọ́n, bí irú bá sì ṣe ń kan ló ń jáde nínú rẹ̀. Ohun tó bà á lórúkọ jẹ́ kárí ayé ni lẹ́tà kan tí dókítà kan kọ sí ìwé ìròyìn ìṣègùn l'Amẹ́ríkà ní 1968, tó sọ bó ṣe máa ń rí lára òun tóun bá jẹun ní ilé oúnjẹ àwọn ará Ṣáínà. Ó kàn ń wá ohun tó lè fà á ni, ayé sì gbé e bí ẹni pé ìdájọ́ ni. Àwọn onímọ̀ tí WHO àti àjọ oúnjẹ àgbáyé FAO gbé iṣẹ́ fún yẹ̀ ẹ́ wò, nígbà tó sì di 1987, wọn ò rí ìdí láti fi gbèdéke sí ìwọ̀n tí èèyàn ń jẹ nínú oúnjẹ. Ní ti pé ó ń fọ aṣọ, ọsàn wẹ́wẹ́ náà ń yọ àbàwọ́n lára aṣọ, a sì ń fún un sí omi mu.

Sódíọ̀mù wà nínú Ajinomoto lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdá 12 nínú 100 ni, bíi ìdámẹ́ta èyí tó wà nínú iyọ̀. Ẹni tó bá dín iyọ̀ kù tó wá fi bíńtín Ajinomoto gbé adùn ọbẹ̀ sókè ti jèrè. Ẹni tó bù ú lé iyọ̀ àti Maggi lórí, bí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣe, ti pàdánù. Èyí kì í ṣe àṣẹ láti máa bù ú bíi gàárì o.

Irú ńkọ́? Mo fẹ́ràn irú, n ò sì ní fi bò. Èso igi igbá tí wọ́n sè títí tó fi rọ̀, tí wọ́n bó èèpo rẹ̀, tí wọ́n tún sè, tí wọ́n wá dà bò mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ bíi méjì sí mẹ́ta títí ó fi kan, oúnjẹ gidi ni, ó ní èròjà tó ń mú ara dàgbà nínú. Irú fúnra rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní iyọ̀ rárá. Ṣùgbọ́n èyí tó wà lórí àtẹ lọ́jà, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n ti bu iyọ̀ sí i kó má bàa bàjẹ́. Ẹ béèrè: "Ìyá oníirú, ṣé irú yín ti níyọ̀ nínú?" Wọn kì í parọ́ rẹ̀, wọ́n á ní, "Díẹ̀ la fi sí i o, kó lè pẹ́." Tó bá jẹ́ irú wòrò, fífọ̀ tẹ́ ẹ máa fọ̀ ọ́ nítorí yanrìn á yọ púpọ̀ nínú iyọ̀ náà. Irú pẹ̀tẹ̀ ò ṣeé fọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹ ka iyọ̀ inú rẹ̀ mọ́ ti ọbẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ní fíríìjì, ẹ ra èyí tí wọn ò tíì fi iyọ̀ sí, kẹ́ ẹ dì í wẹ́wẹ́ kó dì. Ohun tí mi ò fara mọ́ ni kéèyàn fi irú, iyọ̀ àti Maggi mẹ́ta sínú ìkòkò kan náà, kó wá máa sọ pé ìbílẹ̀ lòun ń jẹ.

Èyí tí kò sẹ́ni tó ń dárúkọ rẹ̀ ni káún. Àwọn kan tiẹ̀ rò pé káún ló yẹ kí ẹni tí dókítà ní kó dín iyọ̀ kù máa lò. Áà! Káún tó ń ti agbègbè adágún Chad wá, sódíọ̀mù ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Kò kàn dà bí iyọ̀ lẹ́nu ni, ahọ́n ò fi mọ̀ ọ́n. A ń jù ú sínú ẹ̀wà kó lè tètè rọ̀, sínú gbẹ̀gìrì, sínú ilá kó lè fà, sínú ewédú. Yàtọ̀ sí ti ìfúnpá, ó tún ń ba fítámìn B1 inú ẹ̀wà jẹ́. Ẹ rẹ ẹ̀wà sómi mọ́jú, kẹ́ ẹ da omi náà nù. Iná tó máa jẹ á dín kù láìsí káún. Ní ti ewédú, kí ni ìjábẹ̀ wà fún?

Ẹni tó bá sì ń dá ẹ̀bà lẹ́bi ẹ̀jẹ̀ ríru, kó dákun. Òkèlè wà lára oúnjẹ díẹ̀ tí a ò kì í fi iyọ̀ sè. Iyán, àmàlà, fùfú, ẹ̀kọ, ẹ̀bà: omi àti iná ni. Òkèlè ńlá lè sanni lára lóòótọ́, ara tó sì sanra jù máa ń gbé ìfúnpá sókè, ẹni tó ní àtọ̀gbẹ ò sì gbọ́dọ̀ fojú di ìwọ̀n rẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ ti iyọ̀, ìresì jọ̀lọ́ọ̀fù àti búrẹ́dì ló yẹ ká bi léèrè kó tó kan àmàlà.

Bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí èèyàn sá fún iyọ̀ pátápátá. Ara nílò díẹ̀, iyọ̀ ló sì ń gbé áyódìn dé ilé wa. Láti 1993 ni ìjọba Nàìjíríà ti pa á láṣẹ pé kí iyọ̀ tí à ń jẹ ní áyódìn nínú, nítorí gẹ̀gẹ̀ àti ọpọlọ àwọn ọmọ tí ìyá wọn ń lóyún wọn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi iyọ̀ aláwọ̀ òsùn tó wọ́n bí ojú tàn yín. Sódíọ̀mù inú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti iyọ̀ ọjà, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò sì ní áyódìn. Ẹ sì rántí oṣù August 2014, lẹ́yìn tí Ebola ti wọ Èkó, tí ọ̀rọ̀ kan tàn kálẹ̀ lóru lórí fóònù pé kí gbogbo èèyàn dìde, kí wọ́n fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n sì mu ún. Ilẹ̀ mọ́, àwọn kan dèrò ilé ìwòsàn, ìròyìn sì jáde pé ẹ̀mí bá a lọ. Iyọ̀ kò wo Ebola.

Ìṣòro tó kù ni ahọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ já iyọ̀ kúrò lójijì, ìjà ló ń fà wọlé, nítorí kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ ọbẹ̀ àtẹ́. (Àwọn ọlọ́bàtálá nìkan ni mo mọ̀ tí àtẹ́ jẹ́ ọ̀wọ̀ fún: oúnjẹ òrìṣà náà kì í ní iyọ̀, títí dé Bahia ní Brazil, níbi tí wọ́n ti ń se àgbàdo funfun láì níyọ̀ fún Oxalá, bí wọ́n ṣe ń pe Ọbàtálá lọ́hùn-ún.) Ẹ dín in kù díẹ̀díẹ̀, bíńtín lọ́sẹ̀ yìí, bíńtín lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ má sì kéde. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni ahọ́n máa ń bá a mu, ọbẹ̀ ilé oúnjẹ tí ẹ ń gbádùn tẹ́lẹ̀ á sì wá máa dun iyọ̀ jù lẹ́nu yín. Láàárín ìgbà yẹn, ẹ jẹ́ kí nǹkan mìíràn gba iṣẹ́ iyọ̀ ṣe. Ẹ dín ata gbẹ dáadáa kí kíkan rẹ̀ lọ, kí àlùbọ́sà pọ̀, kẹ́ ẹ gún aáyù àti atalẹ̀, kẹ́ ẹ já ẹ̀fínrín sí i nígbà tẹ́ ẹ bá ń sọ ọ́ kalẹ̀. Fún ọbẹ̀ ẹja, ìyèré ń ṣiṣẹ́ ju Maggi lọ, lójú tèmi.

Ẹnì kejì sódíọ̀mù wà tó ń bá a fa okùn: potásíọ̀mù. Ó ń ran kíndìnrín lọ́wọ́ láti da sódíọ̀mù nù, ó sì ń jẹ́ kí iṣan ẹ̀jẹ̀ dẹ̀. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ẹ̀wà, ọ̀gẹ̀dẹ̀, omi àgbọn, ọsàn, gbogbo wọn ló ní in. Ẹ̀fọ́ rírò tí ewé pọ̀ nínú rẹ̀ ju epo àti iyọ̀ lọ ń ṣe iṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan. Orí èyí náà ni wọ́n gbé iyọ̀ tuntun kan tó ti ń wọ ilé ìtajà ńlá kà. Wọ́n yọ apá kan sódíọ̀mù rẹ̀, wọ́n fi potásíọ̀mù rọ́pò. Ní Ṣáínà, wọ́n dán an wò ní abúlé 600, láàárín nǹkan bí èèyàn 21,000 tí rọpárọsẹ̀ ti ṣe rí tàbí tí wọ́n jẹ́ àgbàlagbà tí ìfúnpá wọn ga. Wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ síta ní 2021: rọpárọsẹ̀ fi ìdá 14 nínú 100 dín kù lọ́dọ̀ àwọn tó fi iyọ̀ náà se oúnjẹ. Ní January 2025, WHO dábàá rẹ̀ fún àwọn àgbàlagbà, pé kí wọ́n lò ó dípò iyọ̀ lásán nínú ilé.

Kì í ṣe ti gbogbo ayé o. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti ń ṣàìsàn, aláboyún, ọmọdé, àti ẹni tó ń lo irú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bíi lisinopril, tó máa ń jẹ́ kí potásíọ̀mù pọ̀ lára, gbọ́dọ̀ bi dókítà kó tó rà á. Potásíọ̀mù tó bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ lè da bí ọkàn ṣe ń lù rú, kódà kó dá a dúró. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá irú iyọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ mú lọ́wọ́, ẹ yí páálí rẹ̀ sẹ́yìn, kẹ́ ẹ wo ibi tí wọ́n kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sí. Potassium chloride ni wọ́n máa kọ síbẹ̀.